Wọ́n Ní Mo Ní Ṣúgà, Kí Ni Kí N Máa Jẹ Báyìí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ìlọrin ni mo ń gbé, ọdún keje rèé tí èmi náà ti ń bá àìsàn ṣúgà yí i. Látìgbà táwọn èèyàn àdúgbò ti mọ̀ ni ìbéèrè ò ti dáwọ́ dúró, ẹlòmíì á pè mí láàárọ̀ kùtù kí n tó kúrò lórí ẹní ìkírun, ẹlòmíì á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi ìsọmọlórúkọ á ní “Ìyá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún bàbá wa ni o, kí la ó máa fún wọn jẹ?” Mo wá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Èmi kì í ṣe dókítà o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ti dókítà yín, ohun tí wọ́n kọ́ mi ní ọsibítù àti ohun tí ẹ̀rọ tí mo fi ń gún ìka wò ti fi hàn mí ni mò ń sọ. Ṣúgà táwa àgbàlagbà sábà máa ń ní, tí wọ́n ń pè ní táìpù 2, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọmọdé tó bá ní táìpù 1, abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ni tiẹ̀, oúnjẹ nìkan ò lè gbà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín tórí pé ó fẹ́ gbàdúrà sí i.

Kò kúkú sí ṣúgà nínú àmàlà, kí ló dé tí wọ́n ní ká ṣọ́ra fún un?

Ìbéèrè yìí ni ìyókù dúró lé, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Àmàlà, iyán, ẹ̀bà, tùwó, ìrẹsì, ẹ̀kọ, búrẹ́dì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà tí wọ́n bá dénú, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ má fi hóró ṣúgà kan ṣoṣo sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ bu búrẹ́dì tí ò dùn sẹ́nu, ẹ rún un títí láìgbé e mì, ẹ máa rí i pé adùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, itọ́ yín ló ti ń sọ ọ́ di ṣúgà yẹn.

Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tó ń ṣe ínsúlíìnì. Iṣẹ́ ínsúlíìnì yìí ni mo máa ń fi wé àwọn ọmọ tó ń fi àlejò jókòó níbi ìnáwó: ṣúgà á ti inú oúnjẹ dé inú ẹ̀jẹ̀, ínsúlíìnì á mú un wọlé lọ síbi tí ara ti fẹ́ lò ó. Lára àwa tá a ní táìpù 2, bóyá àwọn tó ń fi àlejò jókòó ò pọ̀ tó mọ́, bóyá àwọn onílé ni ò dá wọn lóhùn mọ́, lọ́pọ̀ ìgbà méjèèjì ló máa ń pa pọ̀, àlejò á wá kún ojú ọ̀nà. Ìyẹn ni ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá jẹ òkìtì iyán mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe lẹ kó àlejò bọ́ọ̀sì mẹ́wàá dé lójijì. Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dé, àwọn ọmọ yẹn á gbìyànjú.

Kí ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú káàdì mi túmọ̀ sí?

Tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ láìtíì jẹun, 126 sókè ni wọ́n ń pè ní ṣúgà. Láwọn ọsibítù míì wọ́n máa kọ 7.0, òdiwọ̀n ló yàtọ̀, nǹkan kan náà ni, tẹ́ ẹ bá fi 18 sọ 7 di púpọ̀ ẹ máa bá 126 níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń tún un ṣe lọ́jọ́ míì kó lè dá wọn lójú. Tẹ́ẹ̀sì míì wà tó ń jẹ́ A1c, ìyẹn ń sọ bí ṣúgà yín ṣe rí fún bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, torí náà tẹ́ ẹ bá fi ọjọ́ méjì gbààwẹ̀ oúnjẹ kẹ́ ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ ò lè tan ìyẹn jẹ. 6.5% lọ sókè ni ti ṣúgà.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ń lo oògùn, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni wọ́n máa ń fẹ́ kí tiwọn wà láàárín 80 sí 130 kí wọ́n tó jẹun, kó má sì tó 180 ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn arúgbó àtàwọn tó ní àìsàn míì, dókítà lè fún wọn ní òdiwọ̀n tó dẹ̀ díẹ̀. Ẹ béèrè tiyín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣé mi ò ní jẹ iyán mọ́ láyé mi ni?

Ẹ máa jẹ ẹ́. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún mi, wallahi, ọ̀rọ̀ iyán wà nínú ẹ̀, torí obìnrin kan tá a jọ ń dúró de dókítà ti sọ fún mi pé ó ti parí nìyẹn, wíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù títí dọjọ́ ikú. Irọ́ ni, kò sì mọ̀ pé irọ́ ni, ohun tí wọ́n sọ fún òun náà nìyẹn.

Ohun tí nọ́ọ̀sì kan kọ́ mi nígbà tó yá rèé, òun ni mò ń lò títí dòní. Ẹ mú àwo pẹrẹsẹ kan, èyí tí kò tóbi jù. Ẹ fi ojú pín in sí méjì. Ìlàjì kan, ẹ̀fọ́ ni kó kún ún: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro, yánrin, ẹ̀fọ́ tó bá ti wà lọ́jà ni. Ẹ wá pín ìlàjì tó kù sí méjì, ẹ fi ẹja tàbí ẹran tàbí ẹyin tàbí wàrà (èyí tó le, tí à ń sè sínú ọbẹ̀, kì í ṣe mílíìkì) tàbí ẹ̀wà sí apá kan, apá kejì ló wá kù fún òkèlè tàbí ìrẹsì. Tí ò bá sí àwo, ẹ di ìkúùkù yín, bí ìkúùkù yín ṣe tó ni kí òkèlè yín tó. Ẹni tó ti ń jẹ òkìtì mẹ́ta tẹ́lẹ̀ máa rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun, mo mọ̀, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀fọ́ àti ẹja yẹn máa yó yín tẹ́ ẹ bá bù ú dáadáa. Àṣìṣe wa ni pé a dín òkèlè kù, a ò fi ohunkóhun kún ẹ̀fọ́, ebi á wá pa èèyàn lóru, á dìde lọ fi búrẹ́dì parí ẹ̀.

Ẹ tún kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè. Mo mọ̀ pé kò bá àṣà wa mu, òkèlè la fi ń jẹ ọbẹ̀, àmọ́ tí ẹ̀fọ́ àti ẹran bá ti ṣíwájú, ṣúgà inú òkèlè kì í sáré wọ ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣíbí lèmi fi ń jẹ tèmi.

Wíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ńkọ́? Ṣebí àwọn ni oúnjẹ onísúgà?

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Oṣù méjì àkọ́kọ́, wíìtì nìkan ni mò ń jẹ, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Mo ń jẹ ẹ́ débi pé mi ò lè gbọ́ òórùn ẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo padà lọ fún tẹ́ẹ̀sì, ṣúgà ọ̀hún ò lọ síbì kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì pé mi ò fẹnu kan iyán o, mi ò jẹ ẹ̀bà, wíìtì nìkan ni. Obìnrin yẹn wò mí, ó ní “Mélòó lẹ máa ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, Mà?” Mo ní mẹ́ta. Ó ní kí n fọwọ́ júwe bó ṣe tóbi, mo fọwọ́ júwe ẹ̀, ló bá fìdí kalẹ̀, ló wá kọ́ mi lọ́rọ̀ àwo tí mo sọ yẹn.

Wíìtì, ọkà ni, bí àgbàdo ṣe jẹ́ ọkà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, ṣúgà inú ẹ̀ ò tíì pọ̀ tó ti èyí tó pọ́n, ó dáa díẹ̀ jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì ń di ṣúgà nínú. Kò sóhun tó burú nínú jíjẹ wọn. Ohun tó burú ni pé èèyàn á rò pé oògùn ni, á wá jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú. Elùbọ́ tí wọ́n kọ “fún àwọn onísúgà” sí lára ọ̀rá, tí wọ́n sì sọ owó ẹ̀ di ìlọ́po méjì, ẹ yí ẹ̀yìn ọ̀rá náà, ẹ ka iye kaboháídíréètì, ìyẹn ohun inú oúnjẹ tó ń di ṣúgà, tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Nínú àmàlà, tùwó, ẹ̀bà àti iyán, èwo ló dáa jù?

Ara yín ló máa sọ. Tẹ́ ẹ bá lè ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà, tàbí kẹ́bí dáwó ra ẹyọ kan, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ tún wò ó ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé. Ọjọ́ kan fún àmàlà, ọjọ́ kan fún tùwó, ìwọ̀n kan náà, ọbẹ̀ tó jọra. Èmi rí i pé tùwó ọkà bàbà pẹ̀lú ọbẹ̀ lúrú tó ki, tó sì lẹ́ja dáadáa, ń ṣe mí jẹ́jẹ́, ẹ̀bà ni kì í gbà fún mi. Ẹnì kan ládùúgbò wa, òdìkejì ni tiẹ̀. Owó sítíríìpù, ìyẹn bébà kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí fún ẹ̀rọ náà, ò kéré, torí náà ẹ má wò ó lójoojúmọ́ bí ò bá sí owó, ọ̀sẹ̀ méjì pére tẹ́ ẹ bá fi ṣe é dáadáa máa kọ́ yín ní ohun tẹ́nikẹ́ni ò lè sọ fún yín.

Ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kíyè sí. Ilá, ewédú, lúrú, ẹ̀fọ́ rírò, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Gbẹ̀gìrì dáa, àmọ́ ẹ̀wà ni, ó ní tiẹ̀ tó ń di ṣúgà níwọ̀nba, ẹ kà á mọ́ ọn. Ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí ẹ̀ tó ìka méjì, ìyẹn ń mú èèyàn sanra, sísanra sì ń mú kí ínsúlíìnì má ríṣẹ́ ṣe. Iyọ̀ àti mágì náà, ẹ dín in kù, torí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà bí ìbejì ni wọ́n rí lára ọ̀pọ̀ wa. Irú máa ń gbà wá níbẹ̀, ó ń jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn láìfi mágì mẹ́ta sí i.

Ará Ọ̀fà ni mí. Ànàmọ́ ńkọ́?

Ọmọ ìyá mi, mo gbọ́ yín. Ànàmọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ wá, ẹni tó bá kọjá lójú ọ̀nà Ọ̀fà láìra ànàmọ́, bóyá ó sùn nínú mọ́tò ni. Ẹ máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sè é. Ànàmọ́ tí wọ́n bọ̀ nínú omi kì í gbé ṣúgà sókè tó èyí tí wọ́n sun tàbí tí wọ́n yan, ìyẹn máa ń dùn gan-an torí iná ti sọ sítáàṣì inú ẹ̀ di ṣúgà. Èyí tí wọ́n dín ló tún ní òróró. Ẹyọ kan tí kò tó ìkúùkù yín, pẹ̀lú ẹyin méjì àti ata dídín tó ní ẹ̀fọ́, oúnjẹ àárọ̀ gidi nìyẹn. Èyí tá a máa ń bọ̀ sínú ìkòkò ńlá, tá a máa jókòó tì, tá a máa bó tá a máa jẹ títí ìtàn á fi parí, ìyẹn ló gbọ́dọ̀ dópin. Nígbà tí mo bá lọ sílé, mo máa ń mú tèmi kúrò nínú ìkòkò sínú àwo, màá wá jókòó jìnnà sí ìkòkò.

Kókó àti àkàrà ni mo fi ń jẹun àárọ̀ láti kékeré, ṣé kí n fi sílẹ̀?

Kókó, ògì, ẹ̀kọ mímu, ẹ rántí pé wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n ti sẹ́ ẹ, èèrí tó ì bá mú un rọra ti kúrò lára ẹ̀, kíá ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún wá da ṣúgà sí i, ó di méjì. Ohun tí mo ṣe ni pé mo yí i po: tẹ́lẹ̀ abọ́ kókó ńlá àti àkàrà mẹ́ta, nísinsìnyí kọ́ọ̀bù kókó kékeré kan láìsí ṣúgà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ńlá kan tó lẹ́yin nínú. Ó gba mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnu mi tó gbà pé kókó lè wà láìní ṣúgà. Nísinsìnyí tí wọ́n bá ṣèèṣì fi ṣúgà sí i ó máa ń rìn mí.

Wàrà dáa láàárọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń di ṣúgà nínú, wàrà sóyà náà dáa. Èyí tí wọ́n dín nínú òróró púpọ̀ ni kẹ́ ẹ yẹra fún, ẹ sè é sínú ọbẹ̀. Búrẹ́dì àti tíì oníṣúgà ṣíbí mẹ́rin, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Èso ńkọ́? Wọ́n ní dídùn ẹ̀ ò dáa fún wa.

Ẹ jẹ èso, ẹ má fún un mu. Ọsàn kan tẹ́ ẹ jẹ tòun ti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ẹ̀ yàtọ̀ sí ọsàn márùn-ún tẹ́ ẹ fún sínú kọ́ọ̀bù kan. Gúrọ́fà, ọsàn, ìbẹ́pẹ wẹ́lẹ́ kan, àgbálùmọ̀ lásìkò ẹ̀, ẹyọ kan tàbí ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Máńgòrò ni èèyàn kì í lè jẹ ẹyọ kan, lásìkò máńgòrò mo máa ń pín ẹyọ kan pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mi. Dábínù, a máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbi ààwẹ̀.

Kí ni mo lè mu?

Omi. Mínírà àti málítì ló yẹ kó kọ́kọ́ kúrò nílé, ká tó sọ̀rọ̀ iyán rárá. Ẹ yí ẹ̀yìn ike ẹ wò ó: tí wọ́n bá kọ 10g sí 100ml, ike 50cl ní 50g nìyẹn, ìyẹn sì ju ṣúgà ṣíbí tíì méjìlá lọ. Ta ló máa ka ṣíbí méjìlá sínú tíì? Málítì tí wọ́n ń sọ pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀ ò kéré rárá. Sóbò dáa tẹ́ ẹ bá sè é fúnra yín, ẹ fi ata ilẹ̀ àti kànáfùrù sí i, ẹ má fi ṣúgà sí i, tójú ọ̀nà yẹn ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Kúnú àti fùrá bákan náà, ọkà ni, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ kà á mọ́ oúnjẹ.

Oyin? Ọlọ́run fi ìwòsàn sínú oyin, mo gbà, àmọ́ ó ń gbé ṣúgà tiwa sókè bí ṣúgà funfun ni. Ọtí ni kẹ́ ẹ bá dókítà sọ, ó lè já ṣúgà walẹ̀ lójijì fún ẹni tó ń lo àwọn oògùn kan.

Ṣé mo lè gbààwẹ̀ Ramadan?

Ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù ní Ìlọrin nìyí, ìlú àlùfáà ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun tó ń jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà. Súrà Bákárà, áyà 184 àti 185, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló yọ̀ǹda fún ẹni tó ń ṣàìsàn pé kó san án lọ́jọ́ míì, ẹni tí kò sì lè gbà á mọ́ kó bọ́ tálákà. Ojú kì í ti ẹni tí Ọlọ́run fún láyè. Bàbá kan tí mo mọ̀ fi ojú tì ara ẹ̀, ó ń gbà á níkọ̀kọ̀ lẹ́yìn tí dókítà ti sọ pé rárá, lọ́jọ́ kọkànlá ààwẹ̀ ni wọ́n gbé e jáde nínú mọ́ṣáláṣí.

Ẹlòmíì lè gbà á láìsí wàhálà, pàápàá ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ti dúró dáadáa, tó sì jẹ́ oògùn mẹ́tífọ́mìn nìkan ló ń lò. Àwọn tó ń fún ara wọn ní ínsúlíìnì, tàbí tí wọ́n ń lo oògùn gílíbẹ́nkílámáìdì, tàbí tí kíndìnrín wọn ò dáa, tàbí tí ṣúgà wọn ń já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí aláboyún tó ní ṣúgà, ewu wà níbẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà ní bí oṣù kan àbọ̀ sí oṣù méjì kí ààwẹ̀ tó wọlé, torí ó lè ní láti yí oògùn yín padà àti àsìkò tẹ́ ẹ ó máa lò ó, ẹ má fúnra yín yí i.

Tẹ́ ẹ bá ń gbà á: ẹ jẹ sààrì, ẹ jẹ ẹ́ kó sún mọ́ àsùbáà, ẹ̀wà tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tàbí tùwó díẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ tó lẹ́ja, kì í ṣe tíì àti búrẹ́dì. Ẹ máa gún ìka wò lọ́sàn-án, ọ̀pọ̀ àlùfáà ló ti sọ pé kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 70 tàbí tó ju 300 lọ, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, kódà kó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n pe ìrun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣínu, dábínù kan àti omi, tó bá pọ̀ jù kó jẹ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ lọ kírun, kẹ́ ẹ padà wá jẹun lórí àwo tá a ti sọ. Àsìkò ìṣínu ni ìparun wà fún ọ̀pọ̀ wa, mọ́sà, àkàrà, kúnú oníṣúgà, èso, lẹ́yìn náà àmàlà, gbogbo ẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tí ṣúgà mi bá já wálẹ̀ jù?

Ara á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bò yín, àyà á máa lù kìkì, ebi á pa yín bí ẹni pé ẹ ò jẹun lánàá, ẹlòmíì á máa sọ̀sọkúsọ. Tó bá wà nísàlẹ̀ 70, tàbí tí ò bá sí ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin sínú omi kẹ́ ẹ mu ún, tàbí ìlàjì kọ́ọ̀bù mínírà oníṣúgà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wò ó, tí ò bá tíì gòkè ẹ tún mu. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jẹun. Tí ẹni náà ò bá mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ṣúgà wà nínú báàgì mi nígbà gbogbo, ẹ jẹ́ kó wà nínú tiyín. Ẹ má sì lo oògùn kẹ́ ẹ má jẹun, àfi tí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní ewúro, mọ̀ríńgà àti àgbo kan ń wo ṣúgà sàn pátápátá?

Ewúro, ẹ jẹ ẹ́ lọ́bẹ̀, ẹ̀fọ́ gidi ni. Àgbo tí wọ́n ń tà nínú ike, mi ò ní bú ẹnikẹ́ni, àmọ́ mo mu tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi oògùn ọsibítù sílẹ̀ torí ẹni tó tà á sọ fún mi pé méjèèjì ò lè pàdé, nígbà tí mo máa fi wò ó, ṣúgà mi ti kọjá 400, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Láwọn ìlú oríṣiríṣi, wọ́n ti yẹ àgbo bẹ́ẹ̀ wò tí wọ́n sì bá oògùn ṣúgà òyìnbó nínú ẹ̀, ẹni tó ń mu ún ò mọ iye tó ń lò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó dandan, ẹ sọ fún dókítà yín, bó bá fẹ́ kó pariwo, oògùn yín ni kẹ́ ẹ má fi sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe níbi ìnáwó àti nílé àna?

Ẹ jẹun díẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ má febi lọ. Tí wọ́n bá gbé ìrẹsì dé, ẹ jẹ ẹran àti ẹ̀fọ́, ẹ jẹ ìrẹsì ìwọ̀n ìkúùkù, ẹ ní kí wọ́n dì yín ìyókù, kò sẹ́ni tó máa bínú sí ẹni tó ní kí wọ́n di òun lóúnjẹ lọ sílé. Ti ilé àna ló le. Ìyá ọkọ mi, Ọlọ́run kẹ́ wọn, tí wọ́n bá rí i pé mo jẹ òkèlè kékeré, wọ́n á ní mo ń bínú sí àwọn ni. Mo wá lọ bá wọn lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀, mo ní “Ìyá, àìsàn tó pa àǹtí yín l'Òkèlélé ló ń ṣe mí, ẹ ràn mí lọ́wọ́.” Láti ọjọ́ yẹn, àwọn gan-an ló ń ṣọ́ mi, wọ́n á gba abọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi kún tèmi. Ẹ má fi pamọ́ fún àwọn tó ń se oúnjẹ yín.

Ṣé kí n máa dá ìkòkò tèmi gbé?

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé máa jẹ ẹ̀, ẹ̀fọ́ púpọ̀, epo díẹ̀, mínírà kúrò nílé. Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, àwọn ọmọ yín nílò ẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ tí ìyàwó yín ní ṣúgà, ẹ má jókòó ti òkìtì iyán lójú ẹ̀ kẹ́ ẹ máa ní “pẹ̀lẹ́ o”. Ẹ bá a jẹ èyí tó ń jẹ.

Owó ò sí. Oúnjẹ tẹ́ ẹ ń sọ yìí, olówó ló ń jẹ ẹ́.

Ẹja àti ẹyin ti wọ́n lóòótọ́, ẹ̀wà náà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n owó mínírà, owó búrẹ́dì, owó wíìtì olówó iyebíye àti owó àgbo, tẹ́ ẹ bá kó wọn jọ lóṣù, ẹ máa rí ẹja panla àti ẹyin díẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ lọ ọjà Ìpàtà tàbí Ọjà Ọba ní Ìlọrin níbí nírọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti fẹ́ máa lọ sílé. Ẹ gbin gbúre àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé, inú àpò sìmẹ́ńtì tó ti gbó ni tèmi wà. Pọ̀nmọ́ dùn, àmọ́ ẹ má kà á sí ẹran. Rírìn ò gba kọ́bọ̀: ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ rìn dé kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ padà, iṣan ara máa ń gba ṣúgà lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Èyí ni mo rí tó já ṣúgà mi wálẹ̀ ju ohun gbogbo tí mo fowó rà lọ.

Ṣé ó lè lọ pátápátá?

Ẹlòmíì, ṣúgà ẹ̀ lè padà sí bó ṣe yẹ láìlo oògùn. Ìwádìí kan wáyé ní Scotland àti apá kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017, àwọn tó sanra tí wọn ò tíì ní ṣúgà ju ọdún mẹ́fà lọ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n mú kí wọ́n fọn gan-an, nígbà tó fi máa pé ọdún kan, 46 nínú 100 wọn ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn tí ṣúgà wọn sì dáa. Dókítà ló ń ṣọ́ wọn tọwọ́tẹsẹ̀ o. Tí wọ́n bá sì tún sanra padà, ó ń padà wá, ìyẹn ni wọn ò fi ń pè é ní ìwòsàn pátápátá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa rí bẹ́ẹ̀, èmi ṣì ń lo oògùn, mi ò sì kà á sí pé mo ti kùnà.

Mo ti jẹ àjẹjù lánàá níbi ìgbéyàwó. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má febi pa ara yín lónìí, ẹ má sì lo oògùn ìlọ́po méjì. Ẹ mu omi, ẹ rìn díẹ̀, ẹ yẹ ṣúgà yín wò tẹ́ ẹ bá lẹ́rọ. Tó bá ga gan-an tí kò wálẹ̀, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ yín jù, tẹ́ ẹ ń tọ̀ léraléra, tẹ́ ẹ ń bì, ẹ lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Tí ò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ bu oúnjẹ ọ̀sán yín sínú àwo yẹn, ìlàjì ẹ̀fọ́, òkèlè ìwọ̀n ìkúùkù, bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é kí ìgbéyàwó tó dé.